Àbẹ̀kẹ́, Má Ṣàánú Wáyà

Adjamé, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Músíbáù, ọmọ ọmọ tí mo fi ń yangàn láàárín ọjà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú ilé tuntun ní Yopougon. Láti ìgbà tí o ti pè mí pé wọ́n ti gbà ọ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wáyà iná, àti pé inú iyàrá tí wọ́n ti ń yẹ wáyà wò ni wọ́n fi ọ́ sí, ẹnu mi kò sinmi. Mo sọ fún ẹlẹ́ja. Mo sọ fún ẹni tó ń tún bàtà mi ṣe. Mo sọ fún awakọ̀ gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré tó gbé mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, títí ó fi ní, “La vieille, ìyá arúgbó, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ bímọ ní Abidjan o. Ẹ sọ̀kalẹ̀, a ti kọjá ibi tí ẹ ń lọ.”

Inú mi dùn, má ṣiyèméjì lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí kì í ṣe lẹ́tà ìdùnnú. Jókòó kí o tó kà á.

Mo lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù bí gbogbo ayé ti ń ṣe. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí mo bá bú sẹ́kún lórí fóònù, ọ̀rọ̀ yóò dúró sójú kan. Lórí ìwé, bí ẹkún bá dé, mo lè gbé kálámù sílẹ̀, kí n nu ojú, kí n padà wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún kíláàsì àwọn àgbà. Èmi tí n kò mọ lẹ́tà yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ adìẹ nínú iyanrìn nígbà tí mo bí bàbá rẹ, èmi ni mo ń kọ èyí, kò sí ẹni tó bá mi dá sí i. Mo mọ̀ pé Yorùbá tí ìwọ ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tí o ń sọ lọ. Kà á sókè. Bí o bá gbọ́ ọ létí ara rẹ, wàá mọ̀ pé èmi ni mo ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó bí lẹ́tà náà nìyí. Kò pẹ́ tí ìròyìn iṣẹ́ rẹ dé ni Alájì Rábíù kan ilẹ̀kùn mi. O mọ̀ pé àbúrò bàbá àgbà rẹ ni, òun ló jogún bùtíìkì wáyà tí ọkọ mi fi sílẹ̀, inú àgbàlá rẹ̀ náà ni mo sì ń gbé. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, eyín mi ti ń ká, síbẹ̀ bí ó bá wọlé, mo ní láti kúnlẹ̀.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “dìde, dìde. Orúnkún rẹ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò lépo.”

“Ọkọ mi, orúnkún tó bá ń dún ṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá dákẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé búrẹ́dì àti ṣúgà kalẹ̀, ó sì jókòó.

“Ọmọ wa ti wọ ibi tí wáyà ti ń wá,” ó ní. “Ọlọ́run ti dá wa lóhùn. Ìwọ náà mọ bí ọjà ti rí. Wáyà tí kò lórúkọ ń ti òkèèrè wọlé bí eéṣú. Ó ń dán, kò wọ́n, ọwọ́ mẹ̀kúnnù ká a. Èmi tí mo ń ta ti ilé iṣẹ́ ìlú yìí, eṣinṣin ni oníbàárà mi.”

“Mo gbọ́, ọkọ mi.”

“Nínú ilé iṣẹ́ yẹn, àwọn rólù wáyà kan wà tí kì í yege. Bàbà inú rẹ̀ tín-ín-rín jù, tàbí kí rọ́bà rẹ̀ má dọ́gba. Wọn a ní kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n dà á padà sínú iná. O ò rí ìfiṣòfò! Kí Àbẹ̀kẹ́ sáà ti dijú díẹ̀. Kí ó jẹ́ kí rólù bẹ́ẹ̀ jáde lódindi, mo mọ bí mo ṣe máa gbé e. Wáyà náà kò kú, Ìyàwó. Ó kàn ṣàìsàn díẹ̀ ni. Kò lè gbé fíríìjì, ṣùgbọ́n ó lè gbé gílóòbù.”

“Ta ni yóò wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri onílé, tí yóò máa sọ fún un pé gílóòbù nìkan ni o, má so fíríìjì mọ́ ọn?”

“Ìwọ àti ẹnu rẹ! Ilé ìwé àwọn àgbà yẹn ló bà ọ́ jẹ́.” Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. “Bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀. Ìwọ lo tọ́ ọ, kò ní kọ̀ sí ọ lẹ́nu. Má sì gbàgbé pé abẹ́ òrùlé ẹnìkan lo wà.”

Mo ní màá bá ọ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Èkíní. Kí o tó wo wáyà, béèrè ẹrù tí ó fẹ́ gbé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Abidjan, ìyàwó tuntun, n kò gbọ́ Faransé, n kò mọ̀wé, àwọ̀ ni mo fi ń mọ wáyà nínú bùtíìkì ọkọ mi. Ọkùnrin Baoulé kan wá ra wáyà fún sítóòfù oníná tí ìyàwó rẹ̀ fi ń dáná. Mo rí pupa kan tó ń dán, tó rọ̀ lọ́wọ́, mo gé e fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó gbé wáyà náà dání, rọ́bà rẹ̀ ti yọ́ ṣàn bí àbẹ́là.

“Tantie Anango,” ó ní, bí wọ́n ti máa ń pe àwa obìnrin Yorùbá níbí, “ṣé wáyà lo tà fún mi ni, àbí ọbẹ̀?”

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí ní Tantie Ọbẹ̀. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ẹ̀rù ti bà mí nígbà yẹn. Kò sí wáyà tó burú lójú, Àbẹ̀kẹ́. Gbogbo wọn ló rẹwà lórí pẹpẹ. Ìgbà tí ẹrù bá gùn ún lẹ́yìn ni ìwà rẹ̀ ń jáde. Ìwọ ní ẹ̀rọ tó lè mọ ìwà wáyà kó tó kúrò nílé. Jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sọ ọ́, kó tó di pé iná ló sọ ọ́.

Èkejì ni mo ti ń sá fún láti ìgbà tí mo ti mú kálámù.

Ìwọ náà mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n sọ fún ọ. Láti kékeré ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè ọ́ ní ọmọ ẹni tó sun ilé ẹgbẹ́. O máa ń sunkún wálé, èmi a sì ní, “Má dá wọn lóhùn.” N kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló ní kí a má sọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kú báyìí, n kò sì rí ìdí tí èmi náà yóò fi gbé e wọ sàréè.

Ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ra ilé kan sí orí òkè ní Attécoubé, kí àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lè máa rí ibi sùn títí yóò fi ríṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń tún un kọ́, bàbá rẹ ni wọ́n ní kó fa iná sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́ náà. Láàárín ìgbà yẹn ni Bàbá Síkírù kú, ẹni tó ń ta wáyà ní Treichville. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké.

Àṣà kan wà láàárín wa nígbà náà. Bí oníṣòwò bá kú, ẹgbẹ́ kì í jẹ́ kí opó rẹ̀ máa gbé ọjà kiri ìlú onílùú. Àwọn ni wọ́n máa ń ra ọjà náà tán. Wọn kì í ná an, wọn kì í tú u wò. Wọ́n ní ẹni tó bá ń yẹ ọjà òkú wò, òkú fúnra rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò. Àṣà rere ni. Òun ló bo ìtìjú ọ̀pọ̀ opó nílẹ̀ àjèjì yìí. Òun náà ló pa wá.

Wọ́n ra gbogbo wáyà Bàbá Síkírù, wọ́n kó o lọ sí Attécoubé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwa obìnrin ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́. Ìyá Síkírù náà wà níbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú opó ni, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Mo rí bàbá rẹ tó gbé rólù kan lọ́wọ́, ó ń sọ ọ́ sókè-sódò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbé ọmọ tí kò sanra tó bí ó ti yẹ.

“Ẹ̀yin bàbá,” ó ní, “wáyà yìí fúyẹ́.”

“Fúyẹ́ báwo?” alága dá a lóhùn. “Ṣé iṣu ni?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

“Bàbà kì í fúyẹ́ báyìí, ẹ̀yin bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bó o wò.”

Ìyá Síkírù fi ìborùn bojú, ó bú sẹ́kún. Ni gbogbo wọn bá kọjú sí bàbá rẹ.

“Wò ó, o ti pa á lẹ́kún! Ọkùnrin náà kò tíì jẹrà tán nílẹ̀.”

“Ọmọ ìsinyìí! Ọ̀bẹ lo fẹ́ fi bó ọjà òkú?”

Bàbá rẹ wo Ìyá Síkírù, ó wo wáyà ọwọ́ rẹ̀, ó sì wò mí. Mo yí ojú mi sí ìkòkò. Ó ti ọ̀bẹ bọ àpò, ó gun àkàbà.

Ilé náà kò jó lójú ẹsẹ̀. Wáyà búburú kì í kánjú, sùúrù ló ní. Gílóòbù ni wọ́n kọ́kọ́ tàn, kò sí nǹkan kan. Fáànù dé lẹ́yìn rẹ̀. Fíríìjì dé. Lẹ́yìn náà, àwọn télọ̀ tó ń gbé ibẹ̀ ra áyọ́ọ̀nù oníná, nítorí pé oníbàárà kò fẹ́ kí eérú èédú kan aṣọ wọn mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú, gbogbo fáànù ń yí, áyọ́ọ̀nù ń gbóná, àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ilé ti sùn lọ fọnfọn. Inú àjà ni iná ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Wọ́n sì ti fi irin dí gbogbo fèrèsé nítorí olè.

Nínú àwọn tó kú, àwọn kan wà tí a kò tíì mọ orúkọ wọn. “Àlejò àná” ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. A pe Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù, a ní kí wọ́n bá wa wá ìyá kan tó ní ọmọkùnrin tó ní àpá lójúgun, tó sì ní ilé Abidjan lòun ń lọ. Ìyá mìíràn yàtọ̀ sí ẹni tí à ń wá ló gba fóònù, ó ní ọmọ tòun náà lápàá. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé tiwa kì í ṣe ilé ọba.

Nígbà tí eérú tutù, bàbá rẹ wọ inú ilé náà lọ. Ó fa wáyà kan yọ nínú ògiri, ó fi ọ̀bẹ họ ọ́. Abẹ́ pupa náà funfun. Alumíníọ́mù ni, wọ́n fi bàbà pa á lójú. Ó gbé e lọ síwájú àwọn àgbà. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn wò. Alága ló sọ̀rọ̀ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ gan-an.

“Músíbáù, bí a bá gbé èyí síta, orúkọ Bàbá Síkírù ti bàjẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní rí ibi forí lé. Òkú kò lè gbèjà ara rẹ̀. Ìwọ ṣì wà láàyè, ẹni tó wà láàyè lè tún orúkọ ara rẹ̀ ṣe. Bá wa gbé e.”

Ó bá wọn gbé e. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé oníná tí kò mọṣẹ́ ló sun ilé ẹgbẹ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kò sí ẹni tó tún pè é síṣẹ́. Ìyá rẹ lọ fẹ́ ẹlòmíràn sí Bouaké, n kò dá a lẹ́bi. Bàbá rẹ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀, kò tún fọwọ́ kan ìdè wáyà mọ́ títí ó fi kú. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó dáa, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Mo ní láti fi èyí kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló le jù láti kọ. Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé, Ìyá Síkírù wá bá mi kẹ́dùn. Ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ.

“Ìyá Músíbáù,” ó ní, “kí ọkọ mi tó kú, ó sọ fún mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa wáyà yẹn sínú ilé tiwa láéláé.”

“Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?”

“Ebi ń pa àwọn ọmọ. Mo sì rò pé ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ni, ilé àdúrà, pé Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ.”

N kò bá a jà. Mo bu omi fún un, ó mu, ó lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè mu omi nínú ilé tirẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo sì máa ń ronú lórí ẹkún tó sun lọ́jọ́ tí bàbá rẹ ní wáyà fúyẹ́. Bóyá ọkọ rẹ̀ ló ń sunkún fún. Bóyá ẹ̀rù ló bà á. N kò bi í léèrè, kò sì tíì sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí. Mo ti pẹ́ nídìí òwò wáyà, ìkà èèyàn kò pọ̀ níbẹ̀. Àánú ló pọ̀ níbẹ̀. Àánú opó, àánú àbúrò, àánú mẹ̀kúnnù tí owó rẹ̀ kò tó, àánú ọ̀gá tó ní bí ẹ bá gé gbogbo rólù yẹn, ilé iṣẹ́ yóò kógbá sílé. Ẹni tó fẹ́ kí o dijú kò ní hu ìwo wá bá ọ. Ẹni tó ń sunkún ni yóò wá. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bá a sunkún, ọmọ mi. Kí o sì máa ríran.

Ẹ̀kẹta kan ilé iṣẹ́ yín gan-an. O ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń fa bàbà gba inú ihò, láti ihò ńlá bọ́ sí kékeré, títí yóò fi tín-ín-rín bí okùn. Mo gbádùn rẹ̀, mo ti sọ ọ́ ní kíláàsì wa. Ṣùgbọ́n bàbà kì í hù nílẹ̀ yìí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá, owó òkèèrè ni wọ́n fi ń rà á. Orílẹ̀-èdè tó ń dìde ní láti fa wáyà kiri bí ẹni ń gán aṣọ: àdúgbò tuntun ń yọ, òpó iná ń wọ abúlé, gbogbo wọn sì fẹ́ ẹ pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Bí bàbà bá wọ́n, ohun tó rọrùn jù ni kí wọ́n dín in kù díẹ̀, kí wọ́n fi rọ́bà kún un, nítorí rọ́bà ni ojú ń rí. Ẹnìkan yóò sọ fún ọ pé kò ju fífẹ̀ irun kan lọ. Irun kan lónìí, irun kan lọ́la.

Nígbà náà, rántí pé ìyá arúgbó kan wà lábúlé tí òpó iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń pàtẹ́wọ́ fún gílóòbù àkọ́kọ́ nínú iyàrá rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n. Láàárín ẹ̀yin méjèèjì, wáyà nìkan ló wà.

Mo mọ̀ pé o ti ń mi orí, o ń ní, “Y a fohi, Mémé, kò sí wàhálà.” Wàhálà wà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọn kò ní yìn ọ́ fún wáyà tí kò jó. Kò sí ẹni tó ń dúpẹ́ fún iná tí kò ṣẹlẹ̀. Wọn yóò ní o le, wọn yóò ní ìwé ti yí ọ lórí, wọn yóò ní o kò mọ ará ilé. Bí wọ́n bá fẹ́, wọn yóò tún fi orúkọ bàbá rẹ bú ọ. Gbà á. Mo fẹ́ kí o mọ̀ nínú ara rẹ nísinsìnyí pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló sun ilé náà. Òun nìkan ló sọ pé wáyà náà fúyẹ́.

N kò mọ nọ́ńbà tí mo dé mọ́, jẹ́ kí n kàn máa kọ ọ́ lọ. Wo ẹnu ọ̀nà tí bàbà àlòkù ń gbà wọlé fún yín. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń sun wáyà àtijọ́ níbi àkìtàn láti yọ bàbà inú rẹ̀, èéfín dúdú yẹn ni wọ́n ń fà sínú. Ẹlòmíràn ń gé wáyà ojú títì nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa kan ṣe bẹ́ẹ̀, aṣọ ara rẹ̀ nìkan ni ìyá rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe ẹ̀ka tìrẹ, béèrè síbẹ̀.

Má jẹ ohun tí oníṣòwò bá gbé wá kí o tó bi í ní ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Búrẹ́dì Alájì, mo ti jẹ ẹ́ kí n tó ronú. Ó dùn.

Máa jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Má gun ọkọ̀ tó ń sáré.

Mo lọ bá Alájì ní bùtíìkì láàárọ̀ yìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, nítorí n kò fẹ́ kí ó jẹ́ ẹnu rẹ ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ “rárá.” Mo kúnlẹ̀ sí àárín àwọn rólù wáyà.

“Ọkọ mi, ẹ ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kọ̀wé sí i. Ohun tí màá kọ ni pé kó má ṣe é.”

Ó bá oníbàárà kan ka ṣéńjì rẹ̀ tán, ó ní kó máa lọ.

“Músíbáù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ,” ó ní.

“Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó sọ ọ́.”

Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

“Ìyàwó,” ó ní, “ibí yìí ni gbogbo àwọn ọmọ mi ti ń jẹun. Bí bùtíìkì yìí bá tì, àgbàlá ni màá tà. Níbo ni o fẹ́ sùn? Níbo ni èmi fẹ́ sùn?”

Mo dìde lórí orúnkún mi, mo wá sílé. Ìbéèrè náà ṣì wà níwájú mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Alájì kì í ṣe èèyàn búburú, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló dúró tì mí. Wáyà tí kò lórúkọ yẹn ń jẹ ẹ́ ní àjẹtán, kò sì rí ibi tí yóò sá sí. Mo sọ èyí fún ọ kí o má baà rò pé ohun kékeré ni mo ní kí o ṣe. Ó lè jẹ́ pé ilé yóò lọ. Ó lè jẹ́ pé inú ìdílé yóò pín sí méjì, kí wọ́n sì ní ìwọ ni. Àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wólé, onílé ni kò níí gbà fún un. Àwọn onílé tí mo ń wí, kì í ṣe àwa. Àwọn tí a kò mọ̀ ni, tí ògiri wọn kò tíì ní wáyà nínú.

Ó ku ohun kan, òun ni mo fẹ́ kí o di mú jù lọ. Mo mọ ara mi. Mo ti darúgbó, ọkàn mi sì rọ̀ ju ti ìgbà èwe lọ. Bí àgbàlá bá fẹ́ bọ́ lóòótọ́, bí Alájì bá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, n kò mọ̀ bóyá màá lè dúró. Wọ́n lè gbé mi sínú ọkọ̀, kí wọ́n gbé mi wá sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ yín. Màá sunkún. Màá ki oríkì rẹ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Màá ní n kò mọ ohun tí mo ń kọ nígbà tí mo kọ lẹ́tà yìí, pé arúgbó ló ń ṣe mí.

Bí o bá rí mi bẹ́ẹ̀, jáde wá. Kí mi dáadáa, bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Fún mi ní ìjókòó sábẹ́ ìbòòji, wá ọkọ̀ tí yóò gbé mi padà sílé, kí o sì dúró títí yóò fi ṣí.

Lẹ́yìn náà, wọlé lọ, kí o gé wáyà náà.

Ìyá Músíbáù